Nígbà Tí Lọ́yà Bá Bọ́ Wíìgì

Ìyá kan ń bẹ ládùúgbò wa lẹ́yìn Kútọ̀ l'Ábẹ́òkúta, opó ni, ilé tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ló fi ń jẹun. Lọ́yà kan gba yàrá méjì àti pálọ̀ níbẹ̀. Lọ́jọ́ tó kó wọlé, ṣe ni inú ìyá ń dùn. Ó ní olè kò ní í ya ilé tí lọ́yà ń gbé, ọlọ́pàá pàápàá yóò máa kí òun tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Lọ́dún kìíní, owó ilé pé. Lọ́dún kejì, ìdajì ni. Nígbà tó di ọdún kẹta tí ìyá kò rí kọ́bọ̀, ó lọ kan ilẹ̀kùn, ó sì bá a sọ ọ́ bí ìyá ṣe ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. Kò tó ọjọ́ mẹ́ta tí ọmọkùnrin kan fi gbé àpò ìwé wá. Ìyá kò mọ̀wé. Ó gbé e tọ̀ mí wá: "Ọmọ mi, bá mi wò ó, àbí owó ló wà ńbẹ̀?"

Kì í ṣe owó. Lẹ́tà ni, lórí bébà tí wọ́n tẹ orúkọ ọ́fíìsì lọ́yà sí lókè, pẹ̀lú àwòrán òṣùwọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé onílé ti da ìfọ̀kànbalẹ̀ "oníbàárà wa" rú, pé kó kọ ìwé àforíjì láàárín ọjọ́ méje, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kóòtù ni yóò ti lọ wí tẹnu rẹ̀. "Oníbàárà wa" tí lẹ́tà ń dárúkọ yìí, lọ́yà tó fọwọ́ sí i nísàlẹ̀ náà ni.

Mo rẹ́rìn-ín, inú sì bí mi. Owó ilé tí èèyàn kò san, gbèsè ni, kò sì sí irú ẹni tí kì í jẹ gbèsè: tísà ń jẹ, pásítọ̀ ń jẹ, àwa tí a ń kọ̀wé fún ìwé ìròyìn ń jẹ jù. Ṣùgbọ́n bébà yẹn ńkọ́? Ìgbà tí kò sanwó, ayálégbé ni. Ìgbà tó kọ lẹ́tà, kí ni ká pè é? Bí agbẹjọ́rò bá hùwà burúkú níbi tí kì í ti í ṣe iṣẹ́ agbẹjọ́rò, bó jẹ gbèsè, bó mutí wakọ̀, bó lu aya, bó kọ ìwé tó bí àgbà kan nínú, ṣé ó tọ́ kí ẹgbẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ pè é kó wá jẹ́jọ́, kí wọ́n sì tìtorí rẹ̀ gba wíìgì lórí rẹ̀? Ọ̀rọ̀ yìí ti gba adájọ́ lọ́wọ́ láti Lọ́ńdọ̀nù dé Pretoria, ó sì wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa náà.

Ká kọ́kọ́ wo ohun tí òfin wí. Láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, láti 1876 tí wọ́n ti dá ilé ẹjọ́ gíga sílẹ̀ l'Ékòó, ọwọ́ ilé ẹjọ́ fúnra rẹ̀ ni àṣẹ wà láti gba lọ́yà wọlé àti láti lé e jáde. Lọ́dún 1962, nígbà tí òmìnira ti dé, ni wọ́n ṣe òfin tó fi àwọn agbẹjọ́rò sábẹ́ ìgbìmọ̀ ti ara wọn. Ti 1975 ló rọ́pò rẹ̀, òun la sì ń lò títí dòní. Ìgbìmọ̀ tí òfin náà gbé kalẹ̀ ni gbogbo lọ́yà ń pè ní LPDC. Ìjìyà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò pọ̀: ó lè yọ orúkọ ẹni kúrò nínú ìwé àwọn agbẹjọ́rò, ó lè dá a dúró fún sáà kan, ó sì lè kìlọ̀ fún un. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn yóò gba ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ l'Ábùjá lọ.

Ẹ̀ṣẹ̀ àkọ́kọ́ tí òfin náà kà sílẹ̀ ni ìwà àbùkù nínú ọ̀ràn iṣẹ́. Ọwọ́ àwọn dókítà ni gbólóhùn yẹn ti wá. Lọ́dún 1894 ni ilé ẹjọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù túmọ̀ rẹ̀, nínú ẹjọ́ dókítà kan tó ń jẹ́ Allinson, tó ń polówó ara rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, tó sì ń sọ fáráyé pé kí wọ́n má gba oògùn lọ́wọ́ àwọn dókítà yòókù. Wọ́n yọ orúkọ rẹ̀. Ó bá ìyẹ̀fun àlìkámà tí a kò sẹ́ lọ, búrẹ́dì tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sì wà lórí àtẹ ní Lọ́ńdọ̀nù di bá a ti ń wí yìí. Ohun tí mo fẹ́ ká rí ni pé gbólóhùn náà ti so ara rẹ̀ mọ́ iṣẹ́. Owó ilé kò sí nínú rẹ̀, ọtí kò sí nínú rẹ̀.

Ẹ̀ṣẹ̀ kejì ni pé kí ilé ẹjọ́ ti dá agbẹjọ́rò lẹ́bi lórí ọ̀ràn kan tí ìgbìmọ̀ rí pé kò bá ipò agbẹjọ́rò mu. Níbí, òfin ti jáde kúrò nínú ọ́fíìsì. Àmọ́ ibi tí òfin ti sílẹ̀kùn gbayawu ni abala tó tẹ̀ lé e: ìwà tí kò tó ìwà àbùkù, ṣùgbọ́n tí ìgbìmọ̀ rò pé kò yẹ ẹni tó wà nípò agbẹjọ́rò. Nítorí irú èyí, wọn kò lè yọ orúkọ rẹ̀, wọ́n lè dá a dúró tàbí kí wọ́n kìlọ̀ fún un. Òfin kò sọ ibi tí ìwà náà ti gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀. Kò sọ bóyá lọ́sàn-án ni tàbí lóru. Àwọn ìlànà ìwà tó jáde lọ́dún 2007, tí wọ́n lò di òpin 2023, tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé agbẹjọ́rò kò gbọdọ̀ hùwà tí kò yẹ agbẹjọ́rò. Ó parí síbẹ̀. Ta ni yóò wá sọ ohun tó yẹ?

Bí ẹ bá bi ará Abẹ́òkúta, ìdáhùn wà lẹ́nu rẹ̀ kẹ́ ẹ tó bi í tán. Lọ́dọ̀ wa, lọ́yà kì í bọ́ wíìgì. Níbi ìsọmọlórúkọ, "Lọ́yà" ni. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àga iwájú ni. Obìnrin tó ń ta láfún nítòsí kóòtù Ìsàbọ̀ kì í pè é lórúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Bó bá rà àwìn tí kò san án, gbogbo ìdí àtẹ ni yóò gbọ́ pé lọ́yà ló jẹ òun lówó. Ọ̀wọ̀ náà nídìí. Lọ́dún 1914, lẹ́yìn ìpakúpa tí ṣọ́jà Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Ìjemọ̀, tí gómìnà Lugard gba òmìnira tí Ẹ̀gbá ti ń dá jẹ láti 1893, àwọn kóòtù tó gbé kalẹ̀ fún àwọn ìlú òkè kò gba lọ́yà láyè rárá. Di 1933 ni ọ̀rọ̀ wà bẹ́ẹ̀. Fún ọdún 19, ẹni tí ọ̀ràn bá bá ní kóòtù yẹn, òun àti Ọlọ́run rẹ̀ ni. Ojú olùgbàlà ni wọ́n fi rí lọ́yà nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí.

Ẹ̀gbá náà kò sì ṣe kékeré nínú iṣẹ́ yìí. Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá, ọmọ Aláké, ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di adájọ́ àgbà orílẹ̀-èdè, láti 1958 di 1972. Fọlákẹ́ Sólànkẹ́, tí wọ́n bí l'Ábẹ́òkúta lọ́dún 1932, ni obìnrin àkọ́kọ́ tó di amòfin àgbà SAN, lọ́dún 1981. Bọ́lá Ajíbọ́lá, ọmọ ọba Òwu, ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò, ó ṣe mínísítà ètò ìdájọ́, ó jókòó gẹ́gẹ́ bí adájọ́ ní Hague, ó sì padà wálé wá dá yunifásítì Crescent sílẹ̀ lọ́dún 2005. Níbi tí irú àwọn wọ̀nyí ti jáde, kò rọrùn láti sọ fún ìyá onílé pé ìwà lọ́yà nínú ilé rẹ̀ kò kan iṣẹ́ lọ́yà. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ohun tí yóò dá yín lóhùn nìyẹn.

Ohun mìíràn tún wà lábẹ́ rẹ̀. Kí Gẹ̀ẹ́sì tó dé, Ògbóni ló ń dájọ́ ní ìlú Ẹ̀gbá. Apènà ni í ránṣẹ́ peni. Ẹni tó wà nínú oyè kò lè sọ pé "nínú ilé mi ni mo ti ṣe é." Aláké pàápàá kò lè sọ ọ́. Lọ́dún 1948, nígbà tí àwọn obìnrin tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ṣáájú gbógun ti owó orí àti bí wọ́n ṣe ní Aláké Adémọ́lá Kejì ń lo ipò rẹ̀, ọba náà kúrò láàfin, ó gba Òṣogbo lọ, kò padà títí di 1950. Bàbá adájọ́ àgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dárúkọ yẹn náà ni. Ọba kò ní ọ́fíìsì tó lè ti ilẹ̀kùn rẹ̀ kó wá di ẹlòmíràn. Oyè gba gbogbo ara.

Ibí yìí ni èmi àti àwọn ará ìlú mi ti pínyà. A kò fi lọ́yà joyè. Kọ́kọ́rọ́ la gbé lé e lọ́wọ́. Owó ẹni tó fẹ́ ra ilé ń gba inú àkáǹtì rẹ̀ kọjá. Ìwé ilẹ̀ bàbá wa ń sun inú dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Àṣírí tí aya kò gbọ́, ó gbọ́ ọ. Bó bá sì dìde ní kóòtù tó ní "Olúwa mi, bó ti ṣẹlẹ̀ rèé," adájọ́ gbà á gbọ́ láì ní kó fọwọ́ kan Bíbélì tàbí Kùránì. Ohun tí wíìgì túmọ̀ sí nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìwà tó hù níta bá fi hàn pé kò yẹ lẹ́ni tí a ń gbé kọ́kọ́rọ́ lé lọ́wọ́, kí wọ́n gbà á, ì báà jẹ́ inú yàrá rẹ̀ ló ti hu ìwà náà. Bí kò bá kan kọ́kọ́rọ́, ẹ jẹ́ kí ọlọ́pàá, tàbí àwọn àna rẹ̀, tàbí wòlíì rẹ̀ bá a yanjú rẹ̀.

Bá a bá fi ojú yìí wo ìlànà 2007, ẹ óò rí i pé nígbà mìíràn àwọ̀n rẹ̀ kó ẹja tí kò ṣẹ̀, ó sì jẹ́ kí èyí tó ṣẹ̀ lọ. Ó ní agbẹjọ́rò tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kò gbọdọ̀ máa ra ọjà kó máa tà á. Ó lè ní ìpín nínú ilé iṣẹ́, ó lè ṣe akọ̀wé rẹ̀, ṣùgbọ́n kó má pàtẹ. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí nílùú tí ọjà adìrẹ Ìtòkú wà. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí lọ́yà, tí ọ̀gá rẹ̀ ń san owó tí kò tó ọkọ̀ wọ̀ fún un, bó bá ra adìrẹ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ tó jẹ́ aláró, tó ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù, tó sì ń tà á fáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ l'Ékòó, bí ìlànà yẹn ṣe kọ ọ́, ó ti rú òfin. Àwọn lọ́yà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́, ọmọ olówó tí wọ́n ka ọjà títà sí iṣẹ́ mẹ̀kúnnù, ni wọ́n ní irú ìlànà yẹn. Ẹ̀gbá kò ka ọjà sí àbùkù rí. Ìyálóde Tinúubú ń ṣòwò, òun náà ló sì ń bá ìjọba sọ̀rọ̀. Kí ni adìrẹ gbà lára kọ́kọ́rọ́?

Ilẹ̀ ni kí ìgbìmọ̀ lọ bá. Láti ìgbà tí Èkó ti ń ya bọ̀ lójú ọ̀nà Ìbàdàn, ilẹ̀ Ẹ̀gbá ní Mọ́wé àti Ìbàfò, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, ti di góòlù. Ìjà rẹ̀ pọ̀ débi pé ìjọba Ògùn ṣòfin lọ́dún 2016 láti mú àwọn ajagungbalẹ̀, ẹ̀wọ̀n inú rẹ̀ tó ọdún 25, ó sì lè di ikú bí ẹ̀mí bá bọ́. Nínú irú ìjà bẹ́ẹ̀, lọ́yà kan máa ń wà tí kò sí nínú ìwé ẹjọ́ rárá. Ọmọ onílẹ̀ ni. Inú ìdílé tó ni ilẹ̀ ni wọ́n ti bí i. Ó jókòó pẹ̀lú àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ta ilẹ̀ kan náà fún ẹni mẹ́ta, ó sì fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìdílé. Bí ẹ bá mú un, yóò ní: "Èmi kọ́ ni lọ́yà wọn. Àbúrò ni mo jẹ́." Òótọ́ ni, kò sí oníbàárà kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tó ra ilẹ̀ ìdí tó fi kó owó lélẹ̀ láì lọ yẹ ìwé wò. Yóò ní, "Wọ́n ní lọ́yà wà nínú wọn." Kọ́kọ́rọ́ yẹn ló fi ṣí àpò onílé tuntun. Fún tèmi, bí orúkọ ẹnikẹ́ni bá máa kúrò nínú ìwé ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ibẹ̀ ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Èkó rí èyí: òfin ìdáàbòbò dúkìá tí wọ́n ṣe lọ́dún 2016 kan náà kò yọ àwọn onímọ̀ iṣẹ́ tó bá lọ́wọ́ nínú irú rẹ̀ sílẹ̀, ó ní kí wọ́n fi wọ́n sun ẹgbẹ́ iṣẹ́ wọn.

Ibòmíràn láyé, wọ́n ti fi ìbéèrè yìí para fún ọdún pípẹ́ ju tiwa lọ, ìdáhùn wọn kò sì dọ́gba. Lọ́dún 1893, ilé ẹjọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù gbà kí wọ́n yọ orúkọ lọ́yà kan tó ń jẹ́ Weare nítorí pé ó gba àwọn aṣẹ́wó láyè láti máa lo ilé tó ni. Kò sí oníbàárà tó sunkún. Wọ́n ní ó ti ba iṣẹ́ jẹ́, ó tán. Ní Australia, lọ́dún 1957, ọ̀ràn tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ dé iwájú ilé ẹjọ́ wọn tó ga jù lọ: Ziems, agbẹjọ́rò kan, mutí wakọ̀, ó sì pa èèyàn, ẹ̀wọ̀n ọdún méjì ni wọ́n fún un. Wọ́n ti yọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn adájọ́, mẹ́ta nínú márùn-ún, dá a padà, wọ́n ní kó kàn dúró títí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ yóò fi parí. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni, kò sì sọ ọ́ di òpùrọ́. Mo mọ̀ pé inú ẹni tí ọkọ̀ pa ọmọ rẹ̀ kò ní í dùn sí ìdájọ́ yìí, n kò sì ní í dá a lẹ́bi. Síbẹ̀ ẹ̀wọ̀n ni ìyà ẹ̀mí tó bọ́. Wíìgì kọ́ ni owó ẹ̀jẹ̀.

Èyí tó sún mọ́ wa jù ni ti ọdún 2020. Beckwith, ọ̀gá kan ní ilé iṣẹ́ lọ́yà ńlá ní Lọ́ńdọ̀nù, bá ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ lò pọ̀ lẹ́yìn tí àwọn méjèèjì ti mutí. Ìgbìmọ̀ olùbáwí wọn bù ú ní £35,000, wọ́n tún ní kó san £200,000 owó ẹjọ́. Ilé ẹjọ́ gíga fagi lé e. Àwọn adájọ́ ní ìwà náà lè máà bójú mu, ṣùgbọ́n olùbáwí kò lè wọ inú ayé ẹni bí kò bá rí ìlànà kan pàtó tí ẹni náà rú, tí ó sì kan iṣẹ́ tàbí orúkọ iṣẹ́ náà ní tòótọ́. Kí inú ará ìlú bí sí nǹkan kò tó ẹ̀rí. Mo ka ìdájọ́ náà, mo gbórí fún un, síbẹ̀ ó ku ibì kan tó ń ta mí: ọmọdé tó ń retí pé kí ọ̀gá gbé òun ga, ṣé òde iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà ní tòótọ́?

Níbi irọ́, gbogbo ayé fohùn ṣọ̀kan. Bill Clinton kò gba ẹjọ́ fún ẹnikẹ́ni nígbà tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà. Ẹjọ́ ara rẹ̀ ló ti sọ ohun tí kì í ṣe òótọ́ lẹ́yìn ìbúra, Arkansas sì dá ìwé àṣẹ lọ́yà rẹ̀ dúró fún ọdún márùn-ún lọ́dún 2001, pẹ̀lú $25,000 owó ìtanràn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Constance Briscoe, agbẹjọ́rò obìnrin tó tún ń jókòó gẹ́gẹ́ bí adájọ́, purọ́ fún ọlọ́pàá nínú ọ̀ràn aládùúgbò rẹ̀. Ó ṣẹ̀wọ̀n lọ́dún 2014, wọ́n sì lé e kúrò nídìí iṣẹ́ lọ́dún 2016. Kò sí wíìgì lórí rẹ̀ lọ́jọ́ tó ń bá ọlọ́pàá sọ̀rọ̀. Àmọ́ ẹnu tó fi purọ́ fún ọlọ́pàá náà ló fi ń sọ "Olúwa mi."

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nínú gbólóhùn "ìwà tí kò yẹ agbẹjọ́rò" kì í ṣe ọ̀mùtí, kì í ṣe oníṣekúṣe. Ìjọba ni. Lọ́dún 1922, wọ́n yọ orúkọ Gandhi kúrò nínú ìwé àwọn agbẹjọ́rò ní Inner Temple, Lọ́ńdọ̀nù, nítorí pé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ sẹ́wọ̀n lórí ọ̀rọ̀ òmìnira Íńdíà. Ọdún 1988 ni wọ́n dá a padà, ó ti kú fún 40 ọdún. Lọ́dún 1954, ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà ní Transvaal gbé Nelson Mandela lọ sílé ẹjọ́ pé kí wọ́n yọ òun náà, torí wọ́n ti dá a lẹ́bi lórí ìgbésẹ̀ àìgbọràn sí òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Adájọ́ Ramsbottom kọ̀. Ó ní rírú òfin nítorí ìgbàgbọ́ ẹni nínú òṣèlú kì í ṣe ìwà àìṣòótọ́, ó sì ní kí ẹgbẹ́ náà san owó ẹjọ́. Aláwọ̀ funfun ni adájọ́ yìí, inú ayé apartheid ló ti sọ ọ́. Agbẹjọ́rò Bram Fischer, tí òun náà bá apartheid jà, kò ríre tó bẹ́ẹ̀: wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ lọ́dún 1965, ọdún 2003 ni wọ́n tó dá a padà, òkú ni wọ́n dá a padà fún.

Ẹ jẹ́ ká mú un wálé. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ tó kàwé ní Baptist Boys' High School níbí l'Ábẹ́òkúta, agbẹjọ́rò ni. Lọ́dún 1963, ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi pé ó dìtẹ̀ mọ́jọba, ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá; lọ́dún 1966 ni wọ́n dárí jì í. Ká fi gbólóhùn inú òfin tá a ń lò lónìí wọn ọ̀ràn rẹ̀: ẹni tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi ọ̀ràn tí kò bá ipò agbẹjọ́rò mu. Kí ni ìbá dí ìgbìmọ̀ kan lọ́wọ́? Gani Fawẹ̀hìnmi pàápàá, lọ́dún 1984 tí ẹgbẹ́ ní kí lọ́yà kankan má yọjú sí ilé ẹjọ́ àwọn ológun, òun yọjú, wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn tó dójú ti ẹgbẹ́. Lórí ẹ̀sùn mìíràn, wọ́n ti gbé e dé iwájú ìgbìmọ̀ olùbáwí náà, ìgbà tí ọ̀rọ̀ sì dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, lọ́dún 1985, ọ̀dọ̀ Gani ni ilé ẹjọ́ wà: ẹni tó fẹ̀sùn kan èèyàn kò tún lè bá wọn jókòó dájọ́ rẹ̀. Ọdún 2001 ni wọ́n tó fi í ṣe SAN, lẹ́yìn tí gbogbo ayé ti ń pè é bẹ́ẹ̀ tipẹ́.

Ti Délé Fárótìmí tún wà. Agbẹjọ́rò ni, ó kọ ìwé kan lórí bí ètò ìdájọ́ Nàìjíríà ṣe rí, Olóyè Afẹ́ Babalọlá sì ní ìwé náà ba òun lórúkọ jẹ́. Lóṣù Kejìlá 2024, ọlọ́pàá mú Fárótìmí l'Ékòó, wọ́n gbé e lọ sí Adó-Èkìtì, wọ́n sì gbé e dé kóòtù. Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀sùn tún dé ọ̀dọ̀ LPDC pé kí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ nídìí iṣẹ́. Nígbà tó di oṣù Kìíní 2025, Ọọ̀ni Ifẹ̀ àti àwọn ọba mìíràn lọ bẹ Babalọlá, ó sì ní òun ti jáwọ́. N kò ní í sọ ẹni tó jàre lórí ohun tó wà nínú ìwé náà. Kóòtù ló ni ìyẹn, ọba sì ti gbà á lọ́wọ́ kóòtù. Ohun tó kàn mí ni pé òǹkọ̀wé kò jókòó bí lọ́yà nígbà tó ń kọ ọ́. Bí ohun tó kọ bá jẹ́ irọ́ tí òun fúnra rẹ̀ mọ̀ sí irọ́, ó kan kọ́kọ́rọ́, a kò jiyàn. Bó bá jẹ́ ohun tó gbà gbọ́, tó sì kọ ọ́ pẹ̀lú ahọ́n mímú, kí ẹni tó dùn gba kóòtù lọ gba owó ìtanràn. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ni ìgbìmọ̀ olùbáwí gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó fọwọ́ kan wíìgì ẹnikẹ́ni, ó sì ṣòro láti mọ̀ nígbà tó jẹ́ pé ọ̀kan nínú àwọn àgbà iṣẹ́ náà ló ń ké.

Àbí ẹ rò pé ìgbìmọ̀ náà ń sáré lé àwọn tó hùwà níta kiri? Rárá o. Lọ́dún 1968, nínú ẹjọ́ dókítà kan tó ń jẹ́ Dénlóyè, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti fi lélẹ̀ pé bí ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan onímọ̀ iṣẹ́ bá jẹ́ ọ̀ràn tí òfin ìjọba ń fìyà jẹ, ilé ẹjọ́ ni yóò kọ́kọ́ dá a, ìgbìmọ̀ iṣẹ́ kò lè gba iwájú rẹ̀. Ó bọ́gbọ́n mu. Ṣùgbọ́n ẹ mọ bí ẹjọ́ ṣe ń pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Lọ́yà tó lu aya rẹ̀, tàbí tó fi ṣẹ́ẹ̀kì òfìfo ra mọ́tò, lè gba ẹjọ́ fún ọdún mẹ́wàá kí ẹjọ́ tirẹ̀ tó dópin. Owó oníbàárà tí lọ́yà dì mọ́wọ́ ló wọ́pọ̀ nínú ẹjọ́ ìbáwí tó ń dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ìyókù ń sun sínú fáìlì. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀: àwọn lọ́yà ló ń wádìí lọ́yà, lọ́yà ló ń fẹ̀sùn kàn án, lọ́yà ló ń gbà á sílẹ̀, àwọn lọ́yà àti adájọ́ tó ti ṣe lọ́yà rí ló sì ń dá a. Mi ò rí ọ̀nà mìíràn tó sàn ju èyí lọ, torí bí ìjọba bá gba ọ̀bẹ náà, ta ni yóò gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀? Síbẹ̀, ká tiẹ̀ gba ará ìlú kan tàbí méjì, ìyálọ́jà tàbí ọ̀gá ilé ìwé, kó bá wọn jókòó. Ẹni tó ti fún lọ́yà ní kọ́kọ́rọ́ rí mọ bó ṣe ń dunni tó bá sọnù.

Mo sọ gbogbo èyí fún ìyá onílé, bí mo ṣe lè gé e kúrú tó. Mo ní lẹ́tà yẹn ni ẹ̀ṣẹ̀, kì í ṣe owó ilé. Pé ó lo bébà iṣẹ́ láti dẹ́rù ba ẹni tó jẹ ní gbèsè, ó sì pe ara rẹ̀ ní oníbàárà ara rẹ̀. Mo ní bí ìyá bá fẹ́, a lè kọ̀wé sí alága ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò nílùú yìí, wọn yóò gbé e dé ibi tó yẹ. Ìyá bi mí pé kí ni wọn yóò ṣe fún un. Mo ní wọ́n lè kìlọ̀ fún un, wọ́n sì lè ní kó má ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ìyá wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. "Bí wọ́n bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ni yóò fi san owó ilé mi?"

Kóòtù májísíréètì la gbà lọ. Wọn kì í dé wíìgì níbẹ̀, súùtù dúdú àti táì ló tó. Lọ́yà wa múra dáadáa, ó wọlé, ó kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì jókòó sáàárín wọn ní iwájú, níbi tí àwọn lọ́yà ń jókòó sí. Nígbà tí wọ́n pe ẹjọ́, ó dìde, ó ní òun wá fún olùjẹ́jọ́. Májísíréètì, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ kò ga, wo ìwé, ó wo ojú rẹ̀, ó tún wo ìwé.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ṣé lọ́yà ni yín lónìí ni àbí ayálégbé?"

Kóòtù pa lọ́lọ́. Lọ́yà wa gbé báàgì rẹ̀, ó jáde láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó rìn wá sẹ́yìn. Àyè kò sí mọ́ lórí bẹ́ǹṣì bí kò ṣe ẹ̀gbẹ́ wa. Ìyá kó gèlè rẹ̀ mọ́ra, ó sún fún un.